Fàyàwọ́ kọ́, ìkógun ni

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé, ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n tó ní ká túmọ̀ "contraband", orúkọ tí wọ́n fi pe àwọn ẹrú tó sá lọ bá ṣọ́jà ìjọba nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, sí ẹrù fàyàwọ́, ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò gbà. Fàyàwọ́ ni ti ìrẹsì tó ń gba Ìdí-Ìrókò wọlé lóru. Ní 1861, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó jẹ́ ẹrú sá lọ bá ṣọ́jà ìjọba ní Fort Monroe, ní Virginia, ìgbà tí aṣojú olówó wọn wá bèèrè wọn, Ọ̀gágun Butler, ọ̀gá ṣọ́jà ibẹ̀, ní ṣebí ẹ̀yin lẹ ní dúkìá yín ni wọ́n, ẹ sì ti ní ẹ ò bá Amẹ́ríkà ṣe mọ́, ó dáa, mo ti gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá ọ̀tá nìyẹn. Ìkógun la máa ń pe ìyẹn, ìbáà ṣe ewúrẹ́, ìbáà ṣe èèyàn. Ẹnì kan lè ní wọn ò kó wọn, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi wá. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu Butler là ń túmọ̀, kì í ṣe tiwọn.

Èyí tó wá ń dùn mí ni "àgọ́ ogunléndé" tí àbúrò wa kan pe Camp Nelson, ní Kentucky. Bárékè ni jàre! Ìjọba dá a sílẹ̀ ní 1863, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó lé ní 10,000 ló gbaṣẹ́ ṣọ́jà níbẹ̀, iṣẹ́ yẹn ló sì sọ wọ́n dòmìnira torí Kentucky ò bá àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù ya kúrò lára Amẹ́ríkà, ìkéde tí Ààrẹ Lincoln fi dá ẹrú àwọn tó ya kúrò sílẹ̀ ò kàn án. Ìyàwó àtọmọ wọn ńkọ́? Ẹrú ṣì ni wọ́n, títí dìgbà tí òfin March 1865 tó dá ìyàwó àtọmọ ṣọ́jà sílẹ̀ dé.

Ogunléndé, ogun ló lé mi dé. Ti ibí yìí, àwọn ológun ló lé wọn jáde. November 1864, Ọ̀gágun Speed Fry, ọ̀gá Camp Nelson, ní kí wọ́n kó nǹkan bí 400 obìnrin àtọmọdé tó sá wá síbẹ̀ síta nínú òtútù, wọ́n wó ahéré wọn, 102 ló kú. Ṣọ́jà kan, Joseph Miller, tí wọ́n lé ìyàwó àtọmọ tiẹ̀ náà, fẹsẹ̀ rìn lóru wá wọn lọ sí Nicholasville, ìlú kan nítòsí, òkú ọmọ ẹ̀ ló bá, ó sì gbọ́dọ̀ padà sí bárékè lóru yẹn náà. Ilẹ̀ mọ́, ó tún rìn ín, ó fọwọ́ ara ẹ̀ gbẹ́ sàréè.

Fún àwọn ọkùnrin yẹn, mo dábàá "ajagungbara", torí ajìjàgbara ti di ti olóṣèlú. Ti àwọn obìnrin ni ò tíì yé mi. "Asádi" ló wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ ẹni tí wọ́n sá di náà ló tún lé wọn. Ta ló ní òmíràn?