Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ ní àbà kòkó, ẹ wá sọ tiyín

Àkàndé Àbà: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo rí àwọn kan tí wọ́n ń ya fọ́tò nínú oko kòkó, bàtà funfun lẹ́sẹ̀, wọ́n ní ayé oko dùn. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí bàbá àgbà yín dá kòkó, tí ẹ ṣe kékeré yín ní àbà, kí lẹ rántí jù?

Sẹ̀gilọlá: Iṣu sísun àti epo pupa. Mo ti parí ọ̀rọ̀ tèmi.

Ìyá Ìbejì: Ọjọ́ fífọ́ kòkó ni tèmi. Apá Ilé-Olújì ni àbà wa wà. Àwọn ọkùnrin á ti ká a jọ láti ìjẹta, gbogbo wa á wá jókòó yí i ká. Àwọn àgbà á máa fi àdá là á, àwa ọmọdé á máa kó èso rẹ̀ sínú agbọ̀n. Ẹ sọ fún mi, ta ló ń kó o tí kì í lá a? Funfun tó wà lára èso yẹn, ó ń yọ̀ lẹ́nu, ó dùn, ó tún kan díẹ̀. Ìyá mi á máa pariwo pé ká má gbé e mì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ahọ́n ti bó. Ìyà ibẹ̀ ni ọjọ́ tí a bá fẹ́ yí i padà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi bò ó. Ẹ ti ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀ rí? Ó ń gbóná fofo bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀! Òórùn rẹ̀ kì í sì í tán lára. Tí n bá dé ilé ìwé lọ́jọ́ Ajé, ọmọ tíṣà á sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Dẹ̀jọ Ìjẹ̀ṣà: Omi tó ń ro lábẹ́ ewé yẹn ńkọ́, mà? Àwa máa ń gbé igbá sí i ni.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin lẹ ń mu ún. Eṣinṣin ló ń mu tiwa.

Ọmọ Ìdànrè: Tèmi kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Bàbá mi kò kàwé. Mo wà ní pírámárì karùn-ún, wọ́n sì ti kọ́ wa bí a ṣe ń ka òṣùwọ̀n. Ọkùnrin tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa gbé òṣùwọ̀n alábẹ́rẹ́ wá, èyí tí wọ́n máa ń so kọ́ igi. Kí wọ́n tó gbé àpò kankan kọ́ ọn, mo wo ojú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn kò dúró sórí òdo. Ẹ̀yìn òdo ló wà, ó tó kílò mẹ́rin. Ìyẹn ni pé gbogbo àpò tó bá gun ibẹ̀, kílò mẹ́rin ti lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo fa bàbá mi láṣọ, mo ní "Bàbá, ẹ wo abẹ́rẹ́." Wọ́n tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin náà, wọ́n ní kí ìyá mi bu omi fún un. Nígbà tó di alẹ́, wọ́n pè mí sẹ́yìn ilé. "Mo rí i kí ìwọ tó rí i. Ta ló yá mi lówó ilé ìwé yín?" Wọ́n ti gba owó lórí kòkó yẹn kó tó pọ́n lórí igi.

Adùnní: Ha! "Mo rí i kí ìwọ tó rí i." Mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Gbọ̀ngán Ọmọ Ọlá: Bàbá bàbá mi tilẹ̀ fi oko dógò ni. Nígbà tí wọ́n fi máa san gbèsè yẹn tán, igi kòkó ti gbó.

Lákáayé: Ẹ dákun, ọmọ pírámárì wo ló dúró nílẹ̀ tó ka kílò mẹ́rin lókè igi? Ẹ rọra o.

Ọmọ Ìdànrè: Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ fún yín pé mo dúró nílẹ̀? Orí àpò kòkó ni mo jókòó sí. Ojú sì ń ríran nígbà yẹn.

Pẹ̀lúmi: Irú èyí ló fa Àgbẹ́kọ̀yà, ìjà tí àwọn àgbẹ̀ bá ìjọba jà.

Lákáayé: Owó orí ló fa Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968. Ẹ má da ìtàn rú.

Pẹ̀lúmi: Owó orí, nígbà tí owó kòkó kò gbé e mọ́! Kí ni wọ́n fẹ́ fi san án? Ewé?

Ọmọ Oníkòkó: Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, ẹ má sì bú mi. Òwò kòkó ni bàbá mi ṣe. Nígbà tí ìjọba tú ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó ká ní 1986, gbogbo ẹni tó rí owó díẹ̀ kó jọ ló di oníkòkó, bàbá mi náà sì wà níbẹ̀. Olè wà nínú wọn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ bí ẹni pé áńgẹ́lì ni wọ́n. Òkúta wo ni mi ò rí nínú àpò? Ẹlòmíràn á bu omi wọ́n kòkó tó ti gbẹ kó lè wúwo. Kòkó tó gbẹ dénú, tí ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ tí ẹ fún un, ó gbọ́dọ̀ dún. Tiwọn á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àwọn tó gba owó bàbá mi lọ́wọ́ òjò, tí wọ́n gbé kòkó fún ẹlòmíràn lóru ńkọ́? Àpò 16 ló ń di tọ́ọ̀nù kan. Ẹ bá mi ṣírò iye omi tí bàbá mi fi owó rà.

Dẹ̀jọ Ìjẹ̀ṣà: Omi tí wọ́n wọ́n sí i náà ni kílò mẹ́rin tí àwọn bàbá yín ń yọ. Kò sí ẹni tó jẹ ẹnìkan ní gbèsè.

Gbọ̀ngán Ọmọ Ọlá: Rárá o, Dẹ̀jọ. Ẹni tó ní òṣùwọ̀n ló lágbára. Àgbẹ̀ kò lè ní kí ó gbé e lọ.

Sẹ̀gilọlá: Òkúta inú àpò! Ẹ má tú àṣírí bàbá wa níta mọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ewì Èkìtì: Tiwa, ọjọ́ mẹ́ta la fi ń bo kòkó, a máa kó o sá sóòrùn.

Ìyá Ìbejì: Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀? Ó kéré jù! Ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà ni. Àwọn tí ìjọba ń rán wá yẹ kòkó wò máa ń fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Èyí tí kò pẹ́ lábẹ́ ewé, inú rẹ̀ á ní àwọ̀ elésè àlùkò, á korò. Wọ́n á ní kò dára.

Ewì Èkìtì: A tà á. Wọ́n rà á. A jẹun.

Ọmọ Oníkòkó: Ẹ̀yin rí i báyìí? Irú wọn ni mo ń sọ.

Bísí Lọ́ńdọ̀nù: Ìsinmi nìkan ni wọ́n máa ń mú mi lọ sí àbà. Mo bèèrè lọ́wọ́ bàbá àgbà mi bóyá wọ́n ti jẹ ṣokoléètì rí, wọ́n ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo fún wọn ní ègé kan. Wọ́n tu ú jáde, wọ́n ní "Èyí ni wọ́n ń fi kòkó mi ṣe?"

Adùnní: Bàbá jàre!

Pẹ̀lúmi: Mo fẹ́ gbin kòkó sí ilẹ̀ bàbá mi tó ti di igbó. Níbo ni mo ti lè rí irúgbìn tó dáa?

Ọmọ Ìdànrè: Ẹ lọ bèèrè ní Ìdí-Ayùnrẹ́ nílẹ̀ Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó wà.

Pẹ̀lúmi: Ṣé ó máa so kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí?

Ìyá Ìbejì: Ọdún tó ń bọ̀ bí àgbàdo? Ó tó ọdún mẹ́ta fún irú tuntun, ti àwọn bàbá wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín rẹ̀, òun ló máa ṣíji bò ó. Ẹ ó máa rí nǹkan jẹ nínú rẹ̀ ná.

Pẹ̀lúmi: Ẹ ṣé, mà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo máa gbìn.