Ọwọ́ ń kàn án, títẹ̀ ni kò sí: èsì mi lórí "ìgbàwífún láìfọwọ́kàn"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: orúkọ là ń wá fún iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nígbà tí nǹkan bá ń wọ inú rẹ̀ láìsí ẹni tó jókòó ti kíbọ́ọ̀dù tó ń tẹ̀ ẹ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ni ní Àkọkà ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n ní kí a máa pè é ní "ìgbàwífún láìfọwọ́kàn", ìyẹn ni pé kí ẹ̀rọ máa gba ìwífún (dátà) láìjẹ́ kí ọwọ́ kàn án. Àbúrò wa tó ń tún fóònù ṣe ní Ọ̀tígbà, n'Íkẹjà, ní rárá, "ìkàwọlé" ló dára jù. Màmá wa kan láti Ìsàlẹ̀-Èkó wá dá gbogbo wa lóhùn pé kí la ń da ara wa láàmú sí, "síkáànì" ni gbogbo ọjà ń pè é, kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn àbúrò ni mo wà, àmọ́ mo ní àtúnṣe kan tí mo fẹ́ ṣe sí tiwọn. Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò jẹ́ kí n lè bá ẹ̀gbọ́n lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ọwọ́ ta ni kò kàn án? Ọmọbìnrin tó ń gbowó nínú súpámákẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ ọ̀tún ló fi di ẹ̀rọ mú, ọwọ́ òsì ló fi ń yí agolo mílíìkì kiri kó lè rí ibi tí ìlà dúdú-dúdú náà wà. Ọmọ tó ń ṣe WAEC, pẹ́ńsù HB ló dì mú tó fi ń kun àpótí kékeré títí ìka fi ń ro ó. Bàbá tó lọ dìbò ní 2023, wọ́n ní kó gbé ìka rẹ̀ lé ojú BVAS, ẹ̀rọ tí INEC fi ń dá olùdìbò mọ̀, kò dára, kó tún un gbé. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ẹni tó ń wo nǹkan tó sì ń dà á kọ ni wọ́n yọ kúrò láàárín, wọn ò yọ ọwọ́.

Mo rí i kedere ní Sùúrùlérè. Ọ̀ra bisikíìtì kan ti rún, ẹ̀rọ kò rí ìlà ara rẹ̀ kà. Ọmọ tó ń gbowó níbẹ̀ fi aṣọ nù ún, ó nà án mọ́ orí tábìlì, ó tún tan iná pupa sí i, kò dún. Ló bá gbé e súnmọ́ ojú, ó ń ka nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ìlà náà jẹ́jẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan kí i láti ẹ̀yìn, ó jẹ́ ẹ, ó padà sídìí nọ́ńbà. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́: ó ti fi nọ́ńbà kan síwájú èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe mọ̀? Nọ́ńbà 13 ló wà lábẹ́ ìlà náà, èyí tó kẹ́yìn sì jẹ́ ẹ̀ṣọ́ fún 12 tó ṣáájú. Ẹ mú 12 yẹn, kí ẹ fi 3 sọ àwọn tó wà ní ipò kejì, ìkẹrin, ìkẹfà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ di púpọ̀, kí ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí àròpọ̀ náà bá jẹ́ 83, ó ku 7 kó tó di 90, nítorí náà 7 ni nọ́ńbà ìkẹtàlá gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ènìyàn bá fi nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ṣe pààrọ̀, ìṣirò náà yóò dàrú, àfi bí ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì bá jẹ́ 5. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá tan iná sára ọjà ló ń ṣe ìṣirò yìí, kó tó dún "píì". Iṣẹ́ méjì la rí lójú kan náà nídìí bisikíìtì yẹn: ẹ̀rọ ń kà, kò rí i kà, ènìyàn wá ń tẹ̀. Orúkọ tí a bá dá gbọ́dọ̀ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, "láìfọwọ́kàn" kò sì yà wọ́n.

Ìdí kejì ni pé a nílò irú ọ̀rọ̀ bíi "láìfọwọ́kàn" tàbí "láìfarakàn" níbòmíràn, ẹ má jẹ́ ká ná an tán. Ẹ lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ní Màrínà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lọ sí Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án 2023. Káàdì Cowry lẹ máa fi wọlé. (Owó ẹyọ ni ìtumọ̀ orúkọ káàdì náà o, ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.) Káàdì yẹn kò ní bátìrì nínú. Agbára rédíò tó ń jáde lára ẹ̀rọ ẹnu géètì ló ń jí i, ìgbà náà ló máa tó sọ nọ́ńbà rẹ̀. Kò pọn dandan kó kan ẹ̀rọ, bó bá ti súnmọ́ ọn tó, ó parí. Èyí ni wọ́n ń pè ní àìfarakàn gidi. Bí a bá ti fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pe ohun gbogbo tó ń wọ kọ̀ǹpútà, kí la ó fi pe káàdì yìí?

Ìdí kẹta, èyí tó dùn mọ́ mi jù: àwọn àgbà tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wa kì í fi ohun tí nǹkan kò jẹ́ sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ wo "sọ̀wédowó". Ẹni tó dá a kò pè é ní "owó tí kì í ṣe owó". Ohun tí bébà náà ń ṣe ló wò. Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe rìn, kò sí ìyálọ́jà kan n'Ídúmọ̀tà tí ẹ máa sọ ọ́ fún tí yóò béèrè ìtumọ̀.

Sọ̀wédowó kan náà ló sì jẹ́ ẹlẹ́rìí fún "kà". Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà tí ìrísí wọn ṣe wọ́kuwọ̀ku díẹ̀, ọ̀kan sanra níbì kan, ó tín-ín-rín níbòmíràn. Tàdáwà tó ní èròjà irin nínú ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Àwọn báńkì Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí Bank of America àti Stanford Research Institute ń wá ọ̀nà tí òkè sọ̀wédowó kò fi ní bo àwọn akọ̀wé mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́wàá àti àmì mẹ́rin péré ló wà nínú irú lẹ́tà yẹn. Ẹ̀rọ kì í fi ojú wò ó, irin inú tàdáwà ló ń fura sí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí òǹtẹ̀ tàbí ìkọ̀wé ẹnìkan bá gun orí nọ́ńbà náà, ẹ̀rọ ṣì ń kà á. Kí la lè pè é bí kò bá ṣe kíkà?

"Kà" ní Yorùbá sì gbòòrò ju ti ìwé lọ. A ń kàwé, a ń kawó, ìjọba ń ṣe ìkànìyàn, àwọn òṣìṣẹ́ iná a máa wá ka mítà. Kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tó ru gbogbo ẹrù yìí, àwa ní i lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ tó ń gba ìwé ìdáhùn WAEC kò mọ lẹ́tà A yàtọ̀ sí B. Ìmọ́lẹ̀ ló ń tàn sórí ìwé, ibi tí pẹ́ńsù ti kùn kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà tó ibi funfun, ẹ̀rọ á wá ṣírò pé ipò kejì nílà ìkẹrìnlá ló dúdú. Ó kàwé, ó tún ka iye. JAMB ti kúrò nídìí èyí láti 2015 tí gbogbo ìdánwò wọn ti wà lórí kọ̀ǹpútà; ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń yan ìdáhùn lójú ẹ̀rọ báyìí, kò sí ohun tí ẹ̀rọ fẹ́ kà mọ́. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti pọ̀ sí i níbẹ̀, kíkà sì ti tán. Mítà iná àsansílẹ̀ náà ńkọ́? Nọ́ńbà 20 ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa, àwa la sì máa jókòó tì í, tí a ó máa tẹ̀ ẹ́ nínú òkùnkùn. Títẹ̀wọlé paraku nìyẹn.

Àmọ́ àbúrò, "ìkàwọlé" kò lè dúró. Ẹ pè é sókè kí ẹ gbọ́: ìkà wọlé. Ẹ sọ fún ìyá arúgbó kan ní báńkì pé ìkàwọlé ń lọ lọ́wọ́, ẹ ó rí i bí yóò ṣe kó báàgì rẹ̀. Ẹ ní "ìkàwé" wà, kò sì sẹ́ni tó ń sá fún yàrá ìkàwé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n "ìkà wé" kò ní ìtumọ̀ létí ẹnikẹ́ni, "ìkà wọlé" sì jẹ́ odindi gbólóhùn, àdúrà tún wà tí wọ́n ń gbà lé e lórí. Ohun tí mo rò ni kí iṣẹ́ náà máa jẹ́ kíkàwọlé, kí ẹ̀rọ tó ń ṣe é máa jẹ́ ẹ̀rọ akàwọlé, kí ohun tí ẹ̀rọ bá kà wọlé sì jẹ́ àkàwọlé, bí àkọsílẹ̀ ṣe jẹ́ ohun tí a kọ sílẹ̀. Ìyẹn tún gbà wá lọ́wọ́ wàhálà "ìwífún" àti "dátà". Ní Èkó, dátà ti di ohun tí a ń rà láti fi wo fídíò. Bí mo bá ní ẹ̀rọ ń gba dátà, wọ́n á ní kí n pa á.

Ẹnìkan béèrè pé ṣebí "tẹ̀ka" là ń sọ nípa ìbò, pé títẹ̀ ti bọ́ sínú ohun tí mo ń pè ní kíkà. Ìka ni olùdìbò ń tẹ̀, lóòótọ́. Ẹ tẹ́tí sí àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó ìdìbò fúnra wọn nígbà tí nǹkan bá kọ̀: "Kò ka ìka màmá yìí o, ẹ jẹ́ ká ya ojú wọn." Ẹni tó ti fọ aṣọ tó lọ ata jálẹ̀ ayé rẹ̀, ìlà orí ìka rẹ̀ a máa pa rẹ́, ìdí nìyẹn tí BVAS tí INEC gbé jáde ní 2021 fi lè wo ojú bí ìka bá kọ̀. Ènìyàn ló tẹ̀, ẹ̀rọ ló kà. Ìhà ti ẹ̀rọ la ti ń sọ ọ́ lórúkọ.

Màmá Ìsàlẹ̀-Èkó, ẹ̀yin náà rèé. Mi ò bá síkáànì jà, ọjà ti gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú kí ẹ ní kí wọ́n síkáànì ojú ìwé kan fún yín: fọ́tò ìwé náà ni wọ́n máa fún yín. Kọ̀ǹpútà kò mọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ó ya ìwé ni, kò kà á. Kíkà jẹ́ iṣẹ́ mìíràn tó ń tẹ̀ lé yíyà, bíi ti kámẹ́rà ojú títì l'Ékòó tó máa kọ́kọ́ ya ọkọ̀ kó tó wá ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Àwa tí a ń kọ Yorùbá mọ̀ ọ́n jù: ẹ ya ojú ìwé wa, kí ẹ ní kí ẹ̀rọ kà á, kí ẹ wá wo bí ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti oko ṣe máa di ẹbí kan náà.

Ó ku orúkọ ìlà ọjà fúnra rẹ̀. Ẹnìkan ti dábàá "ilà ọjà", pẹ̀lú ohùn ilà ojú, mo sì fara mọ́ ọn pátápátá. Norman Joseph Woodland, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó gba àṣẹ-ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1952, etí òkun Miami ló jókòó sí tó fi ìka fa ìlà sínú yanrìn. Ọjà àkọ́kọ́ tí wọ́n tà pẹ̀lú rẹ̀ ni ṣingọ́ọ̀mù kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní 1974. Àwọn tó ń sọ pé ilà ti di ohun ìtìjú, mo gbọ́ yín, kò sẹ́ni tó ní ká kọ ọ́ fún ọmọ. Ìtumọ̀ ló wọlé wẹ́kú: abàjà tàbí pẹ́lé ń sọ ìdílé tí ènìyàn ti jáde, kò sọ ìlú tó ń gbé. Bẹ́ẹ̀ ni 615 tó ń ṣáájú nọ́ńbà ọ̀pọ̀ ọjà wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó túmọ̀ sí pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe ọjà náà. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀ka Nàìjíríà ti GS1, àjọ àgbáyé tó ń pín nọ́ńbà ọjà, ni ilé iṣẹ́ náà ti gba nọ́ńbà; wọ́n lè ti ṣe ọjà náà ní Ṣáínà.

Ibi tí "kà" ti ń já mi kulẹ̀ ni ẹ̀rọ tí kò ní àmì kankan láti kà. Fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì. Nǹkan kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń mọ bó ṣe tutù tó, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tọ̀sán-tòru. Kò sí ilà, kò sí tàdáwà, kò sí ìka. Bí mo bá ní ó ń ka òtútù, ẹ̀rín ni ẹ máa fi mí rín. "Afura" wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìfura ní iyèméjì nínú. "Gbọ́" gba ohùn, ó gba òórùn, kò gba ooru. Ẹ̀gbọ́n Àkọkà, ẹ̀yin lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ nípa rẹ̀: kí lẹ máa ń pè é ní kíláàsì?