Mo fẹ́ fi tọ́bò sí Corolla 2004 mi, owó ò pọ̀ lọ́wọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

OmoGate04:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2004 ni mo ń wà, ẹ́ńjìnì 1ZZ, 1.8, jíà máńwà, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mọ́tò yẹn ò ní wàhálà, ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbé èèyàn mẹ́rin tí mo tún tan AC, tó bá kan orí òkè báyìí, ṣe láá máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mo wá rí tọ́bò (ohun tó ń fipá ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì) tókunbọ̀ kan ní Gate, wọ́n ní ara Volvo ni wọ́n ti tú u, owó ẹ̀ ò wọ́n rárá, mẹ́káníìkì mi sì ní òun máa jó páìpù mọ́ ọn, pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé lóòótọ́ ni pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ó wù mí gan-an ni.

BabaPisitini:
Àbúrò, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ o. Tọ́bò yẹn gan-an wà lára ohun tí owó ẹ̀ kéré jù níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká yìí, nǹkan bíi 14.7 psi (òun ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń tẹ̀ tó) ló fi ń tẹ̀, tí tọ́bò bá fi 6 psi lé e, afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnì á fi nǹkan bíi 40% pọ̀ sí i, epo náà sì gbọ́dọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì Corolla ò lè dà tó yẹn, bíréènì bọ́ọ̀sì ẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, náà ò mọ̀ pé tọ́bò wà níbẹ̀. Epo kéré, ooru pọ̀, iná á máa gbá kí àsìkò ẹ̀ tó tó, bí pisitini ṣe ń fọ́ nìyẹn. Compression 1ZZ (bí pisitini ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó) 10:1 ni, ó ga fún tọ́bò, kọn-rọ́ọ̀dù ẹ̀, ọ̀pá tó di pisitini mú, ò nípọn, octane (bí epo ṣe lè fara dà á kó má gbiná ṣáájú àsìkò) epo tá à ń rà níbí náà ò sì ga.

Àwọn tó ń ṣe Honda àtijọ́ máa ń so FMU, ohun tó ń gbé pressure epo ga, mọ́ páìpù tí epo ń gbà padà sí táǹkì, kí pressure epo lè máa bá boost (ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ tí tọ́bò fi kún un) lọ sókè. Tìẹ ò ní páìpù yẹn, inú táǹkì ni regulator tó ń ṣàkóso pressure epo ẹ̀ wà, torí náà má ná owó sí FMU. Nọ́sù ńlá, póńpù epo tó lágbára, kọ̀ǹpútà tí èèyàn lè tò fúnra ẹ̀ bíi Speeduino, àti géèjì wideband tí wàá fi máa wo bí epo àti afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn (tó o bá tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó wà ní nǹkan bíi afẹ́fẹ́ 11.5 sí epo 1), ibẹ̀ ni kówó ẹ kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kó o tó ra ìṣó kan, jẹ́ kí wọ́n wọn compression sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ẹ. Tó bá ti ń jẹ ọ́ìlì, má gbé tọ́bò sún mọ́ ọn.

SisiGolf:
Bọ̀dá, èmi ò bá ta Corolla yẹn kí n fi ra Golf 4 1.8T. 150 horsepower ni láti ilé iṣẹ́, pisitini, nọ́sù, intercooler tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ti ṣe fún tọ́bò. Corolla tó ní 130, pẹ̀lú gbogbo ìnáwó tí ẹ̀gbọ́n kà yìí, tó bá dé 170 ó ti gbìyànjú.

WeldaOwode:
Golf dáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wù láti kọ́ ọ fúnra ẹ̀, ẹ jẹ́ ká ràn án lọ́wọ́. Tọ́bò Volvo tókunbọ̀ sàn ju ṣáínà tuntun lọ, tó bá ṣì péye. Di ọ̀pá àárín ẹ̀ mú, kó o tì í síwá sẹ́yìn, kò gbọdọ̀ mì. Tó bá mì díẹ̀ lọ sókè sódò kò burú, tí abẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀ ò bá ṣáà ti ha ilé ẹ̀ lára.

Ibi tí wọ́n ti máa ń bà á jẹ́ ni ọ́ìlì. Ọ́ìlì tó ń wọ tọ́bò, pressure ló ń tì í, wàá gbà á níbi oil switch, ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń mọ pressure ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n èyí tó ń jáde, fúnra ẹ̀ ló máa ṣàn wálẹ̀, kò sí nǹkan kan tó ń tì í. Páìpù ẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀, kó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ wálẹ̀ láìlọ́, kí ibi tó ti wọ sump (agbada ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì) ga ju ibi tí ọ́ìlì dé lọ. Tí ò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì á sé sínú tọ́bò, á gba ìdí seal jáde, mọ́tò á máa yọ èéfín búlúù, wọ́n á ní tọ́bò ti bàjẹ́, wọ́n á tún ra òmíràn, èéfín á tún jáde. Sọ sump kalẹ̀ kó o tó jó ohunkóhun mọ́ ọn o, kí èérún irin má bàa wọ ẹ́ńjìnì. Manifold tó so tọ́bò mọ́ ẹ́ńjìnì náà, irin tó nípọn ni kó o lò, páìpù sàlẹ́ńsà á là, kó o sì fi bíráákẹ́ẹ̀tì gbé tọ́bò ró.

OmoGate04:
Ẹ ṣé gan-an ni. Màá wọn compression lọ́sẹ̀ yìí, tọ́bò ṣì máa dúró. Ṣé mo lè fi 4 psi bẹ̀rẹ̀?

BabaPisitini:
Ó dá lórí spring tó wà nínú wastegate ẹ̀, ìlẹ̀kùn tó ń ṣí kí boost má bàa pọ̀ jù, boost ò lè lọ sísàlẹ̀ ju ibi tí spring yẹn ń ṣí lọ. Gbé afẹ́fẹ́ kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ tó ní géèjì sí i kó o tó sanwó, kó o wo iye tó fi ń ṣí. Tó bá ti kọjá 7, wá òmíràn.