Ṣé gbogbo èlé tó bá ti ju £1,000 lọ ni wọn yóò gba owó orí lé lórí?

Ìbéèrè:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ìlú Ọba ni mo ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo sì ń ṣe. £14,200 ni gbogbo owó tí wọ́n san fún mi nínú ọdún owó orí tó parí yìí. Ọdún méjì ni mo fi ti owó kan mọ́ báǹkì láìfọwọ́ kàn án, nígbà tí àkókò sì pé lọ́dún kan náà, wọ́n san èlé rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: £1,350. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wá sọ fún mi pé £1,000 péré ni ìjọba fojú fò, pé wọn yóò gba ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lórí £350 tó ṣẹ́ kù. £70 nìyẹn, kì í sì í ṣe owó kékeré lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n tilẹ̀ kó owó náà kúrò ní báǹkì ni?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má kó o kúrò o. Ẹni yẹn kò parọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ fún yín. Láti ọdún 2016 ni £1,000 yẹn ti wà fún àwọn tó ń san ìdá 20, àmọ́ ààyè mìíràn wà tó ṣáájú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní starting rate for savings, tó sì jẹ́ pé nítorí àwọn tí owó iṣẹ́ wọn kò pọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. £5,000 ni, owó orí kò sì sí lórí èlé tó bá bọ́ sínú rẹ̀. Ibi tó ta kókó ni pé owó iṣẹ́ ń jẹ ẹ́: £12,570 àkọ́kọ́ kò ní owó orí, ṣùgbọ́n gbogbo £1 tí owó iṣẹ́ bá fi kọjá ibẹ̀ ń mú £1 kúrò nínú £5,000 náà, títí yóò fi tán pátápátá fún ẹni tó bá ń gba £17,570. Tiyín fi £1,630 kọjá, nítorí náà £3,370 ló kù fún yín, èlé yín kò sì tó ìdajì rẹ̀.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka èsì yín ni mo rántí iṣẹ́ ìmọ́tótó tí mo ń ṣe lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. P60 méjèèjì, ìyẹn ìwé tí agbanisíṣẹ́ fi ń kọ iye tó san fúnni lọ́dún, wà níwájú mi báyìí. £2,900 ló wà lórí ti ìkejì.

Ìyá Ìbejì:
Ó dára tí ẹ sọ ọ́, nítorí àpapọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. £17,100 ló di yẹn, ó sì fi £4,530 kọjá £12,570, nítorí náà £470 péré ló kù nínú £5,000. Ìgbà yìí gan-an ni £1,000 tí wọ́n sọ fún yín wúlò: ẹ fi kún £470, ó di £1,470. Èlé yín ṣì wọlé, £120 ló sì fi bọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ṣe àfikún iṣẹ́ tó ju £120 lọ lọ́dún yẹn ni, owó orí ì bá ti kan díẹ̀ nínú rẹ̀.

Bàbá Olùṣírò:
Òótọ́ ni ìṣirò yẹn. Ohun tó mú kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ni pé èlé ọdún méjì wọlé sínú ọdún owó orí kan, nítorí wọn kò san án fún yín ṣáájú. Bí ẹ bá tún fẹ́ ti owó mọ́ báǹkì, ẹ wá irú èyí tó ń san èlé lọ́dọọdún, tàbí kí ẹ fi sínú ISA, irú àpamọ́ owó kan tí owó orí kì í kan èlé inú rẹ̀ rárá; ẹ lè fi tó £20,000 síbẹ̀ lọ́dún. Báǹkì fúnra rẹ̀ ló ń fi iye èlé tó HMRC, àjọ ìjọba tó ń gba owó orí, létí, nítorí náà bí kóòdù owó orí yín (àmì tí agbanisíṣẹ́ fi ń mọ iye owó orí tí yóò yọ) bá yí padà nítorí èlé yìí, ẹ pe HMRC, kí ẹ sì ka ìṣirò òkè yìí fún wọn.

Olùbéèrè:
Mo ti kọ £470 àti £1,000 sẹ́yìn ìwé tí báǹkì fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ ISA ni mo máa bá wọn sọ, owó náà kò sì kúrò níbi tó wà.