Àrùn wo ló wà nínú “kòkòrò àrùn inú ikùn”?

Láti ọ̀dọ̀: Akọ́mọlédè, Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìwé ìlera tí ọ̀kan nínú wa túmọ̀, tó sì fi síwájú wa fún àtúnyẹ̀wò, ló mú mi kọ èyí. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní gut microbiome (àwọn baktéríà àti ẹ̀dá tíntìntín mìíràn tó ń gbé inú wa), “àkójọpọ̀ kòkòrò àrùn inú ikùn” ni ìwé náà pè é látòkè délẹ̀. Ó wá kọ ọ́ sójú ìwé kejì pé: “Ẹ máa bọ́ àwọn kòkòrò àrùn inú ikùn yín dáadáa.” Ẹ gbọ́ ná! Ta ní ń bọ́ àrùn?

Iṣẹ́ ẹ̀yán, ọ̀rọ̀ tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orúkọ, ni “àrùn” ń ṣe níbẹ̀. Kò burú fún ohun tó ń fa onígbáméjì tàbí ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Àmọ́ ohun tó wà lára ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá láti ọmọ ọwọ́ títí dọjọ́ ogbó, a ò lè fi àrùn yán an. Ẹ yọ ọ́.

Láti ọ̀dọ̀: Olùtumọ̀, Peckham

Ẹ ṣeun, Bàbá. Bí ẹ bá ní kí “àrùn” kúrò, ó lè kúrò. Ẹ má fọwọ́ kan “kòkòrò” o. Ìyá àgbà tó wá gba oògùn mọ kòkòrò. Kò mọ “ẹ̀dá oníyè tíntìntín” tí àwọn kan ń dábàá lórí àtẹ yìí. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ohun tíntìn tó bá ń gbé inú nǹkan, kòkòrò ni Yorùbá ń pè é. Ikùn náà sì yé gbogbo ènìyàn.

Láti ọ̀dọ̀: Oníṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, Ìbàdàn

Kòkòrò inú obì, obì ló ń bà jẹ́. Òwe yẹn kò gbè yín rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ikùn. Nínú agbẹ̀du, omi kíkan ibẹ̀ kì í jẹ́ kí púpọ̀ nínú wọn yè: nǹkan bí 1,000 sí 10,000 ló wà nínú mìlílítà kan. Nínú ìfun ńlá, iye wọn nínú mìlílítà kan tó 100,000,000,000. Ibẹ̀ gan-an ni ìlú wọn. Ẹni tó bá kọ “ikùn” ti darí òǹkàwé sí ibi tí wọn kò pọ̀ sí. Ìfun ni kẹ́ ẹ kọ.

Àṣìṣe kejì: ìwé náà ní wọ́n fi ìlọ́po mẹ́wàá pọ̀ ju sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn lọ. Ìṣirò àtijọ́ nìyẹn. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2016 fi hàn pé ọkùnrin tó wọn kílò 70 ní baktéríà bíi tírílíọ̀nù 38, sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ sì jẹ́ bíi tírílíọ̀nù 30. Gbogbo baktéríà yẹn lápapọ̀ wọn nǹkan bíi gírámù 200.

Iṣẹ́ wọn ńkọ́? Okùn (fibre) inú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ọkà tí agbẹ̀du àti ìfun kékeré kò lè dà, ọ̀dọ̀ wọn ló ń dé. Wọ́n á sọ ọ́ di àwọn ásíìdì kéékèèké: butyrate, acetate àti propionate. Butyrate yìí ni oúnjẹ pàtàkì fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ ìfun ńlá nínú. Ẹ̀kọ tó ti tutù tó sì dì wúlò fún wọn ju èyí tó gbóná lọ, nítorí pé bí ó bá ṣe ń tutù, apá kan nínú sítáàṣì (starch) rẹ̀ á tún ara rẹ̀ dì, ìfun kékeré ò ní lè tú u mọ́, á sì lọ bá wọn nísàlẹ̀. Jẹ̀funjẹ̀fun ń jẹ ìfun. Àwọn wọ̀nyí ń bọ́ ọ.

Àwọn oníṣègùn wa àtijọ́ fura sí i. Wọ́n gbà pé aràn àti kòkòrò wà lára gbogbo ènìyàn, pé wọ́n ní àpò tí wọ́n ń gbé, wọ́n sì ń ràn án lọ́wọ́ kí oúnjẹ lè dà. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ ju ìwọ̀n, tí wọ́n kún àpò jáde, ni àìsàn ń dé. Ohun tí egbòogi wọn wà fún ni kó dá wọn padà sí ìwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ tí mo dábàá ni aráfun. Ará ni wọ́n, wọn kì í ṣe àlejò.

Láti ọ̀dọ̀: Olùtumọ̀, Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ: àwọn àgbà pè é ní *kòkòrò*. Kí la wá ń jà sí?

Láti ọ̀dọ̀: Akọ́mọlédè, Ọ̀yọ́

Oògùn apakòkòrò ni wọ́n ń fín sí kòkó lóko. Òun náà ni ẹ kọ sínú ìwé fún kápúsù tẹtirasáíkílìn, oògùn tó ń pa baktéríà. Ẹni tó bá kà á lóko kòkó ńkọ́? Ìdí tí a fi ń jà nìyẹn.

Mo fara mọ́ ará. Mi ò fara mọ́ “aráfun”. Ará ìlú, aráàlú. Fáwẹ̀lì rànmọ́ra, ohùn ìsàlẹ̀ kò kú. Ará ìfun, aráàfun. Ẹni tó pa ohùn ìsàlẹ̀ yẹn jẹ ti pa ìfun jẹ pẹ̀lú rẹ̀. Láìfi àmì sí i, “ara fún” ni òǹkàwé máa kà.

Aráàlú kọ́ sì ni ìlú. Bí ó bá jẹ́ àwọn olùgbé nìkan là ń sọ, aráàfun tó. Bí a bá fẹ́ mẹ́nu kan àwọn, jíìnì wọn àti ibi tí wọ́n ń gbé pọ̀, “ìlú aráàfun” ni mo máa kọ.

Láti ọ̀dọ̀: Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston

Aráàfun dùn létí. Ohun tó ń bí mi nínú ni “àwọn oúnjẹ kíkan” tí ìwé náà kó ògì àti irú sí lábẹ́. Irú kì í kan!

Ògì ló ń kan. Ẹ rẹ àgbàdo fún ọjọ́ 2 sí 3, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tòrò fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Baktéríà Lactiplantibacillus plantarum àti àwọn ẹbí rẹ̀ á ṣe ásíìdì, omi orí rẹ̀ á di omíkan. Irú, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ẹ sè é di bíi wákàtí 12, ẹ tẹ èèpo rẹ̀ kúrò, ẹ tún un sè, ẹ bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ewé fún ọjọ́ 2 sí 4 níbi tó móoru. Baktéríà mìíràn, Bacillus subtilis, á tú purotéènì rẹ̀, amóníà á máa rùn, irú á máa yọ̀, á máa fà. Ásíìdì kọ́ ló ń pọ̀ níbẹ̀, òdìkejì rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ wo lẹ máa fi bo méjèèjì? “Kíkan” kò lè bò ó.

Ìyàtọ̀ yìí kan ìlera. Tí ẹ bá ti po ẹ̀kọ sórí iná, baktéríà ògì ti kú. Bacillus inú irú ní èèpo líle tó ń sá sí, ó ń la ọbẹ̀ híhó já. Nítorí náà, ìmọ̀ràn ìwé náà pé “ẹ mu ẹ̀kọ gbígbóná kẹ́ ẹ lè rí baktéríà alààyè” kò tọ̀nà. Ẹ má sì kọ ọ́ pé kí wọ́n fún ọmọ ìkókó lómi ògì tútù: bí omi tí wọ́n fi sẹ́ ẹ bá dọ̀tí, ìgbẹ́ gbuuru ni. Wàrà ọmú ti ní ṣúgà kan tí ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè dà, baktéríà Bifidobacterium inú ìfun rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́.

Láti ọ̀dọ̀: Oníṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, Ìbàdàn

Omidùn ni a ń pè é nílé wa, kì í ṣe omíkan.

Láti ọ̀dọ̀: Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston

Báwo lohun tó kan ṣe máa dùn? Ẹ bi àwọn tó ń ta ògì. Ẹ̀kọ tó dì náà, àwọn ará Bahia ní Brazil ṣì ń pè é ní acaçá, àkàsà wa gan-an, ẹ̀yin lẹ ní àgìdi ni.

Láti ọ̀dọ̀: Nọ́ọ̀sì, Àkúrẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé. Ojú ìwé kẹrin ni mo ń bẹ̀rù jù. Oògùn apakòkòrò kì í mọ ará yàtọ̀ sí ọ̀tá. Tó bá ti pa aráàfun púpọ̀, baktéríà burúkú kan, Clostridioides difficile, á ráyè, á máa pọ̀, ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀ lè pa àgbàlagbà. Kápúsù tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ alárọ́bọ̀ láìsí ìwé dókítà ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ẹ kọ ìyẹn gàdàgbà.

Ìtọ́jú rẹ̀ tẹ́ ẹ pè ní “ìfiìgbẹ́ṣòògùn” kò yẹ ọmọlúàbí. Ní Netherlands, ìwádìí tó jáde ní 2013 gba ìgbọ̀nsẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún àrùn, wọ́n pò ó mọ́ omi, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n fi rọ́bà gba imú dà á sínú ìfun àwọn aláìsàn 16. Àwọn 13 yá lẹ́ẹ̀kan, 2 mìíràn yá nígbà tí wọ́n fún wọn ní ti ẹlòmíì. “Àtúngbìn aráàfun” ńkọ́?

Láti ọ̀dọ̀: Akọ́mọlédè, Ọ̀yọ́

A ń gbin irè oko. A kì í gbin ará. Ará ń tẹ̀dó ni. Àtúntẹ̀dó aráàfun.

Láti ọ̀dọ̀: Olùtumọ̀, Peckham

Mo ti tún iye yẹn ṣe, mo ti yọ ẹ̀kọ gbígbóná, mo ti fi omi ògì tútù sábẹ́ ìkìlọ̀. Àmọ́ “kòkòrò inú ìfun” ló ṣì wà lójú ìwé àkọ́kọ́, Ọjọ́bọ̀ ló ń lọ sílé ìtẹ̀wé. Ẹni tó bá ní aráàfun ló yẹ, kó kọ gbólóhùn mẹ́ta tí ìyá àgbà á kà tí yóò yé e láìbèèrè, kó fi ránṣẹ́ ṣáájú Ọjọ́rú.