Òjò ti rọ̀ ní Kàbà: ṣé kí n fọ́n tẹ̀tẹ̀ ni àbí kí n dúró?

Ìyàwó Tíṣà (Kàbà):
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó fi owó ṣòfò. Òjò rọ̀ níbí ní Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí, lálẹ́ àná, tìjì tìjì, yìnyín sì bá a wá. Ilẹ̀ ti rọ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yìn ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ní àyè tó tó yàrá méjì, mo sì fẹ́ fi dá ọgbà ẹ̀fọ́: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ilá, tòmátì àti ata díẹ̀. N kò ní í tà á, ìkòkò ọbẹ̀ wa ló wà fún. Mi ò dáko rí láyé mi. Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, inú báráàkì ni mo gbé dàgbà.

Ṣé kí n fọ́n irúgbìn lónìí kí omi yìí má baà lọ lásán? Ẹnì kan ládùúgbò tó ń sin adìẹ tún ní kí n wá kó igbẹ́ adìẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Àpò mẹ́ta ni, tútù ni, òórùn rẹ̀ ò ṣeé gbà. Ṣé kí n dà á sílẹ̀ kí n tó gbìn? Bàbá onílé ní kí n kàn dáná sun koríko tó wà níbẹ̀. Ọjà ni mo ti ra irúgbìn, inú ọ̀rá ni ìyá tó tà á fún mi wọ̀n ọ́n sí. Ẹ ṣé o.

Àgbẹ̀ Ìyàrá:
Ọmọ mi, má fọ́n nǹkan kan lónìí. Àkọ́rọ̀ lèyí. Ní apá tiwa níbí, òjò lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìparí oṣù kẹta, kó wá lọ ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kó tó tún fojú hàn. Irúgbìn tó bá ti mu omi á hù, oòrùn á sì gan án pa kí òjò kejì tó dé. Wo àyíká rẹ: inú kàṣú ni gbogbo èèyàn wà, wọ́n ń ṣà á. Ta lo rí tó ń gbin àgbàdo? Jẹ́ kí òjò máa tẹ̀lé ara wọn, nínú oṣù kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, kó o tó gbin ohunkóhun.

Màmá Ewédú (Ìsánlú):
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n oko lẹ̀ ń sọ. Ọgbà ẹ̀yìnkùlé ni ìyàwó wa ń béèrè. Ìyàwó wa, ṣé ẹ ní kànga nílé? Bí kànga bá wà tí kò gbẹ títí di àsìkò yìí, kí lo ń dúró de òjò fún? Omi tá a fi ṣan ìrẹsì, omi tá a fi fọ ẹ̀fọ́, ọgbà á mu gbogbo rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó dá ọ dúró ni igbẹ́ adìẹ yẹn. Igbẹ́ adìẹ tútù máa ń gbóná nínú ilẹ̀. Bó o bá dà á síbẹ̀ lónìí, tó o fọ́n tẹ̀tẹ̀ lé e lọ́la, yóò jó gbòǹgbò rẹ̀. Àìsàn tún ń bẹ nínú rẹ̀, ẹ̀fọ́ sì rèé, ilẹ̀ báyìí ló ń hù sí. Gbà á o, ọ̀fẹ́ ni! Àmọ́ kó o jọ sí ìgun kan, wọ́n omi sí i kó tutù díẹ̀, fi koríko tàbí ọ̀rá bò ó, kó o máa fi ṣọ́bìrì yí i po lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí òórùn yẹn bá lọ, tí o ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ tí kò gbóná mọ́, tó ti di erùpẹ̀ dúdú, ó ti jinná nìyẹn. Ó lè gba oṣù méjì. Ilá tó o máa gbìn lẹ́ẹ̀kejì àti ata ni yóò wúlò fún.

Èyí tó o máa lò báyìí, wá ẹni tó ní ìgbẹ́ ewúrẹ́ àtijọ́ tó ti gbẹ, tó ti rà. Garawa kékeré kan tó fún bẹ́ẹ̀dì tó gùn ní mítà mẹ́ta. Ilẹ̀ ààtàn náà dára, àmọ́ bó bá jẹ́ ààtàn tí wọ́n ń da bátìrì sí, má bù ú wálé.

Agric Kàbà:
Ẹ kú ìjíròrò o. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbẹ̀ ti ABU (Yunifásítì Ahmadu Bello) ní Kàbà níbí ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Mà, ẹ má sun koríko yẹn. Bẹ́ ẹ bá sun ún, ewé tí ì bá jẹrà mọ́ ilẹ̀ á bá èéfín lọ, bí koríko tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kan bá sì wà níbẹ̀, iná ò ní pa á, gbòǹgbò rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ gé e, kí ẹ fi ọkọ́ wú gbòǹgbò ẹ̀kan náà, funfun ni, ó sì mú ṣóńṣó. Ẹ ṣà á síta kí oòrùn gan án. Ègé kan tó bá kù sílẹ̀ á tún hù. Ibí yìí ni kí ẹ ti fara ṣiṣẹ́ jù lọ, ohun tó kù rọrùn.

Kí ẹ wá kọ bẹ́ẹ̀dì. Kí ó fẹ̀ tó mítà kan, ó pẹ́ tán kí ó lé díẹ̀, kí ọwọ́ yín lè dé àárín láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìfi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ń tẹ̀ lójoojúmọ́, omi ò ní rọ́nà wọlé. Ẹ gbé e sókè díẹ̀, bí ìka ọwọ́ ṣe gùn ní ìlọ́po méjì, torí bó bá di oṣù kẹfà, ẹ̀ẹ̀kan ni òjò á bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Bí ilẹ̀ bá ń da gẹ̀rẹ́, ẹ kọ ọ́ dínà omi, ẹ má kọ ọ́ tẹ̀lé e. Ilẹ̀ òkè ni Kàbà, àgbàrá á kó gbogbo ajílẹ̀ yín lọ fún aládùúgbò.

Ìbéèrè méjì: níbo ni ṣáláńgá wà? Níbo ni wọ́n ti po sìmẹ́ǹtì nígbà tí wọ́n ń kọ́lé?

Ìyàwó Tíṣà (Kàbà):
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Kànga wà, ó jìn, àmọ́ kò gbẹ. Iwájú ilé ni ṣáláńgá wà. Ti sìmẹ́ǹtì yẹn, ẹ dà bí ẹni tó ti wá síbí rí! Apá ọ̀tún ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ funfun, mo fi ọkọ́ kàn án, ó ń dún kòó. Igi máńgòrò ńlá kan wà lápá òsì, koríko gan-an ò hù lábẹ́ rẹ̀. Àárín nìkan ló kù tí oòrùn ń pa dáadáa.

Agric Kàbà:
Àárín náà ni bẹ́ẹ̀dì á wà. Méjì tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Lórí ibi sìmẹ́ǹtì, ẹ to àpò ìrẹsì tí ẹ rọ ilẹ̀ dúdú sí, kí ẹ dá ìdí wọn lu, ata àti tòmátì á wà nínú wọn. Abẹ́ máńgòrò ni kí ẹ kó igbẹ́ adìẹ yẹn jọ sí, kí ó máa jinná níbẹ̀.

Màmá Ewédú (Ìsánlú):
Kí o tó gbìn rárá, yẹ irúgbìn ọjà yẹn wò. Ka hóró ogún nínú tẹ̀tẹ̀, fi aṣọ tútù wé e, gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, tú u wò. Bí èyí tó là kò bá tó mẹ́wàá, ti èṣí ni ìyá yẹn tà fún ọ.

Tẹ̀tẹ̀ kéré lójú, kò ṣeé fi ọwọ́ mú. Pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan, kó o tó fọ́n ọn, kí ó má baà kó jọ síbì kan. Má bò ó mọ́lẹ̀, kàn fi ọwọ́ ra ilẹ̀ lé e. Fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó, kó o sì máa fi ike tí o dá ìdí rẹ̀ lu wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bó bá ti ń yọrí, ká imọ̀ ọ̀pẹ kúrò kíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ga, á sì tẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, hú èyí tó há mọ́ra, kó o fi sebẹ̀. Èyí tó kù, máa gé e níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, yóò tún rúwé. Bákan náà ni ṣọkọ.

Ewédú ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn lágara. Èèpo hóró rẹ̀ le, ó lè wà nílẹ̀ títí kó má hù. Di hóró náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́, so ó. Gbé omi kaná. Bó bá ti hó, sọ ọ́ kalẹ̀, ki aṣọ náà bọ inú omi, ka ení, èjì, dé àrún, fà á yọ, kó o sì tì í bọ omi tútù lójú ẹsẹ̀. Má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, o máa sè é ni. Sá a síbi òjìji, bó bá gbẹ, fọ́n ọn lọ́jọ́ yẹn náà.

Ilá ò ní wàhálà. Rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, hóró méjì sí ihò kan, ìṣísẹ̀ kan láàárín ihò sí ihò. Bí méjèèjì bá hù, yọ èyí tó rù.

Ọmọ Mọpà:
Ẹ ti sọ̀rọ̀ títí, kò sẹ́ni tó dárúkọ ewúrẹ́! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbìn láìní ọgbà yí ibẹ̀ ká, ta lẹ̀ ń gbìn ín fún? Ewúrẹ́ àdúgbò mi, ọjọ́ tí mo bá ní n ó já tẹ̀tẹ̀ lọ́la, òwúrọ̀ ọ̀la yẹn ni wọ́n ń dé. Adìẹ burú jù wọ́n lọ, torí kò ní dúró kí ó hù, hóró gan-an ló ń tú jẹ. Àwọ̀n àti ọparun, mà, kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn.

Àgbẹ̀ Ìyàrá:
Màmá Ìsánlú, ẹ wí ire. Bó bá lè fa omi lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kó máa gbìn, n ò jiyàn mọ́. Ṣùgbọ́n kó má retí tòmátì púpọ̀ nínú òjò. Ewé rẹ̀ á máa ní àbàwọ́n, èso á máa rà lórí igi. Kó gbin díẹ̀ nínú àpò yẹn, kó so ó mọ́ igi kí ewé má kan ilẹ̀. Tòmátì gidi, kó dúró de ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Kó má sì gbin ata tàbí ìgbá sínú ilẹ̀ tí tòmátì ti kú sí. Ẹbí kan náà ni wọ́n, ohun tó pa ọ̀kan ń dúró de èkejì.

Tata náà ti dàgbà lásìkò yìí, wọ́n ń wá ewé tútù. Kó jí ní kùtùkùtù nígbà tí ìrì ṣì wà lára wọn, wọn ò ní lè fò, kó ṣà wọ́n sínú ike.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́ o, nítorí ọ̀rọ̀ kòkòrò tí Bàbá dá sílẹ̀ yìí: ẹ má fi òtapiápiá wọ́n ẹ̀fọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é. Oògùn apakòkòrò tí àwọn èèyàn ń lò nínú ilé ni, kì í ṣe ti ohun tá a máa já jẹ ní ọjọ́ mẹ́ta sí i. Ẹ gún ewé dongoyaro, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé, kí ẹ sì wọ́n ọn nírọ̀lẹ́. Bí òjò bá ti fọ̀ ọ́ lọ, ẹ tún un wọ́n. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ dáadáa kí ẹ tó sè é.

Ìyàwó Tíṣà (Kàbà):
Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, Ọlọ́run á san yín lóore. Baba àwọn ọmọ yóò wá ọparun lọ́jọ́ Sátidé. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú nìkan ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, ilá á tẹ̀lé e bí òjò bá dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ugu ńkọ́? Mo rí hóró rẹ̀ gbígbẹ lọ́jà.

Màmá Ewédú (Ìsánlú):
Èyí tó ti gbẹ ò ní hù, má rà á. Odindi orí ugu tó gbó ni kó o rà, kó o là á fúnra rẹ, kó o sì gbin hóró rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìdí ọparun yẹn ni kó o gbìn ín sí, yóò rí nǹkan gùn. Ṣùgbọ́n ó di oṣù karùn-ún.

Ọmọ Mọpà:
Ta ló ní ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti rà nítòsí Kàbà? Àwa ní Mọpà ní púpọ̀, ewúrẹ́ tó ń jẹ tẹ̀tẹ̀ wa ló ń ṣe é. Ẹ kàn mú àpò dání.