Etíkun Lẹ́kí: ṣé onílẹ̀ lè dí ọ̀nà òkun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó kàn fẹ́ rìn lórí iyanrìn létí omi, tí kò lo àga tàbí ìbòòji, ṣé àwọn onílẹ̀ etíkun lè gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní géètì?

Ìdáhùn 1: Tó bá jẹ́ inú ilẹ̀ wọn lẹ gbà wọlé, wọ́n lè gbà á. Ṣùgbọ́n Òfin Lílo Ilẹ̀ 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà fún gbogbo ará ìlú. Ẹ̀tọ́ ẹni tó ní C of O (ìwé ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni) kò kọjá ibi tí ìwé rẹ̀ dé. Ní 2002, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ibi tí omi fà sẹ́yìn dé ni ààlà ìpínlẹ̀ etíkun. Kò sẹ́ni tó ra òkun!

Ìdáhùn 2: Ìwé sọ́fè, ìyẹn àwòrán tó fi ààlà ilẹ̀ hàn, ni kẹ́ ẹ bèèrè lọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì Surveyor-General, ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ ìjọba Èkó, ní Alausa. Òkun ń jẹ ilẹ̀: òkúta ààlà tó wà lórí iyanrìn gbígbẹ tẹ́lẹ̀ lè ti wà nínú omi báyìí. Onílẹ̀ á wá sún ọgbà, á dí ọ̀nà àwọn apẹja. Ìyẹn burú jọjọ.

Ìdáhùn 3: Ẹ má bá ẹ̀ṣọ́ géètì jà. Ẹ ya fọ́tò ọgbà náà, ẹ tọ́jú rìsíìtì, kẹ́ ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre, ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń parí aáwọ̀. Wọn kì í gba owó.